Ta ni ó yẹ ní alàgbà? Bí ìjọ Kristẹni ṣe ń yan àwọn tó ń ṣáájú wọn

Ẹni tó bá di alàgbà ìjọ, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí owó máa ń wà. Òun ni wọ́n ń lọ jí lóru bí ẹnì kan bá kú. Òun ni tọkọtaya tó ń jà máa ń tọ̀ lọ kí ọ̀rọ̀ wọn tó dé ọ̀dọ̀ olórí abúlé. Bí ìjọ bá fẹ́ ra ilẹ̀, òun ni yóò fọwọ́ síwèé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ará ìjọ ní Kétu, Sábẹ, Pobẹ̀ àti Àjàṣẹ́ ni kò lè sọ bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe dé ipò náà. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, wọ́n ka orúkọ rẹ̀ níwájú pẹpẹ, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin, ó parí.

Ohun tó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Bí ọdún bá ń lọ sópin, tí ìkórè sì ti kọjá, ọ̀pọ̀ ìjọ ló máa ń yan olórí tuntun tàbí kí wọ́n tún ti tẹ́lẹ̀ yàn. Ìjọ tó bá ṣe é dáadáa á sinmi. Èyí tó bá fi ojú oorun ṣe é, ọdún púpọ̀ ni yóò fi máa tún un ṣe. A fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí Bíbélì là kalẹ̀, ohun tí ìjọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń wọ́ sí, àti ohun tí ẹ lè béèrè kí ẹ tó pàtẹ́wọ́.

Orúkọ pọ̀, iṣẹ́ kò jìnnà síra

Kì í ṣe gbogbo ìjọ ló ń pe ipò yìí ní alàgbà. Lọ́dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ẹ ó gbọ́ olórí kíláàsì àti ìríjú. Lọ́dọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi, díákónì ni wọ́n ń sọ. Àwọn Aládùúrà ní alàgbà, wọ́n ní bàbá ìjọ, wọ́n sì ní ìyá ìjọ. Lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì, àlùfáà ló ni ìdarí, ṣùgbọ́n ní abúlé tí àlùfáà kì í dé lójoojúmọ́, kátíkíìsì àti ìgbìmọ̀ ìjọ ni àwọn ènìyàn mọ̀.

Orúkọ yòówù kó jẹ́, iṣẹ́ náà kò jìnnà síra: kí wọ́n bójú tó aláìsàn, kí wọ́n parí ìjà, kí wọ́n ṣọ́ owó, kí wọ́n kọ́ àwọn tuntun, kí wọ́n sì dúró fún ìjọ bí àlùfáà kò bá sí nílé. Ní ìletò tí àlùfáà kan ti ń bójú tó ìjọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìyẹn túmọ̀ sí pé alàgbà ni ìjọ ń rí ní ọjọ́ tó pọ̀ jù nínú oṣù.

Nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún ipò yìí kò túmọ̀ sí nǹkan mìíràn ju àgbà lọ. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń tú Bíbélì sí Yorùbá, èyí tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, ọ̀rọ̀ tí a ti ní nílẹ̀ ni wọ́n mú. Ọ̀rọ̀ náà sì ti ní ìwúwo tirẹ̀ kí Bíbélì tó dé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wò ó dáadáa: òwe yẹn kò sọ̀rọ̀ irùngbọ̀n tàbí agbádá. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ẹni náà rí ọmọ tí orí rẹ̀ wọ́, tó sì na ọwọ́. Ọmọ ọgọ́rin ọdún tó rí i tó kọjá lọ kì í ṣe àgbà.

Ìjà oúnjẹ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ìtàn tí àwọn ìjọ máa ń tọ́ka sí jù wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà. Ìjọ Jerúsálẹ́mù ń pín oúnjẹ fún àwọn opó lójoojúmọ́. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì wá ń ráhùn pé wọ́n ń fojú fo àwọn opó tiwọn, pé àwọn opó tó ń sọ èdè ilé ló ń rí jẹ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ọ̀rọ̀ èdè ni, ọ̀rọ̀ ta ni ará ilé, ta ni àlejò ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nídìí ìpín ẹran ìkórè rí mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé kí àwọn tó ń ráhùn dákẹ́. Wọn kò sì jókòó sínú yàrá kí wọ́n yan ẹni tó wù wọ́n. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n sọ irú ènìyàn tí wọ́n fẹ́: ẹni tí a jẹ́rìí rere sí, tó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n. Wọ́n ní kí ìjọ fúnra wọn wá méje. Ìjọ yan wọn, àwọn àpọ́sítélì gbàdúrà, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé wọn.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn oníwàásù kì í sábà dúró lé lórí. Ẹ ka orúkọ àwọn méje náà: Sítéfánù, Fílípì, Pírókórù, Níkánórì, Tímónì, Páménà àti Níkóláù. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Níkóláù kò tilẹ̀ jẹ́ Júù láti ìbí. Ará Áńtíókù ni, ó kàn gba ẹ̀sìn Júù ni. Ó jọ pé ìjọ mú nínú àwọn tó ń ráhùn, wọ́n sì fa igbá oúnjẹ lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ebi ń pa opó rẹ̀ ni wọ́n ní kó wá máa pín in. Ìráhùn náà sì tán nínú ìtàn náà.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Nínú orí kìíní ìwé kan náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ẹnì kan rọ́pò Júdásì, gègé ni wọ́n ṣẹ́, ó sì mú Mátíásì. Àwọn kan máa ń fi èyí sọ pé kí Ọlọ́run yàn, kí ènìyàn má dá sí i. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣẹ́ gègé, wọ́n ti kọ́kọ́ sẹ́ àwọn ènìyàn. Ẹni tó bá wọn rìn láti ìgbà ìrìbọmi Jòhánù títí di ọjọ́ tí Jésù gòkè lọ nìkan ni wọ́n lè dárúkọ. Àwọn méjì ni wọ́n mú síwájú, àwọn méjèèjì ló sì yẹ. Gègé kàn sọ èwo nínú méjì ni. Kò sọ aláìyẹ di ẹni tó yẹ.

Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì

Nínú lẹ́tà kìíní sí Tímótì, orí kẹta, àti nínú lẹ́tà sí Títù, orí kìíní, Pọ́ọ̀lù to irú ẹni tó yẹ lẹ́sẹẹsẹ. Kí ó jẹ́ ọkọ aya kan. Kí ó má jẹ́ ọ̀mùtí, kí ó má jẹ́ oníjà, kí ó má fẹ́ràn owó. Kí ó máa gba àlejò. Kí ilé rẹ̀ wà létò. Kí ó lè kọ́ni. Kí ó má jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbàgbọ́, kí ìgbéraga má baà gbé e ṣubú.

Bí ẹ bá ka àkójọ náà, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé kó lè kọ́ni. Gbogbo ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà àti ọ̀rọ̀ ilé. Kò sí ibi tí ó ti béèrè pé kó ní mọ́tò, pé kó mọ Faransé, pé kó jẹ́ ọmọ ẹni tó fún ìjọ nílẹ̀.

Ohun tó kẹ́yìn nínú àkójọ ti Tímótì ni èyí tí a rò pé ó kan ìlú wa jù lọ. Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn tó wà lóde ìjọ jẹ́rìí rere sí ẹni náà. Ní Kétu àti Sábẹ, àwọn tó wà lóde kò jìnnà. Nínú agbo ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Mùsùlùmí, àbúrò lè jẹ́ Kristẹni, bàbá àgbà sì lè máa bọ Ògún. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sìnkú. Wọ́n mọ ẹni tó ń gbówó tí kì í san án. Wọ́n mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń sunkún lóru. Ẹni tí ìjọ ń pè ní bàbá lọ́jọ́ Àìkú, tí àwọn ọlọ́jà ń sá fún lọ́jọ́ ọjà, Pọ́ọ̀lù ti dájọ́ rẹ̀ tipẹ́.

Kódà, ìmọ̀ràn tó ṣáájú gbogbo èyí, ẹnu ẹni tó wà lóde ló ti wá. Nínú Ẹ́kísódù orí kejìdínlógún, Jẹ́tírò, àna Mósè, tó jẹ́ àlùfáà Mídíánì, rí i tí Mósè ń dá nìkan ṣe ìdájọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó ní èyí yóò pa á. Ó ní kó yan àwọn tó lè ṣiṣẹ́, tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó jẹ́ olóòótọ́, tó kórìíra àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa ṣe olórí ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta àti mẹ́wàá mẹ́wàá. Mósè gbọ́, ó sì ṣe é.

Bí ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe é

Àwọn Mẹ́tọ́díìsì wà lára àwọn tó pẹ́ jù ní apá ibí yìí. Thomas Birch Freeman, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú, dé Àgbádárìgì ní 1842. Ó dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó sì kí ọba Gẹ́zò ní Àgbómẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843. Ètò tí ìjọ rẹ̀ ń lò ni kíláàsì, gbèsè ló sì bí ètò náà. Ní 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọlẹ́yìn John Wesley jẹ gbèsè ilé ìjọsìn wọn. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa san kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì pín ìjọ sí ẹni bí méjìlá méjìlá, kí olórí kan máa lọ gba owó náà lọ́wọ́ wọn nílé.

Nígbà tí àwọn olórí ń ti ilé dé ilé, wọ́n rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí ní ṣọ́ọ̀ṣì: wọ́n rí ẹni tó ń ṣàìsàn, wọ́n rí ẹni tó ń mutí, wọ́n rí ẹni tí kò rí kọ́bọ̀ náà san. Wesley rí i pé ohun tí òun ń wá nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni olórí kíláàsì ti di ẹni tó mọ ilé àwọn tirẹ̀. Títí di òní, àlùfáà àti ìpàdé àwọn olórí ló jọ ń sọ ẹni tí yóò ṣe é. Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro: ẹ béèrè lọ́wọ́ olórí kíláàsì yín bóyá ó mọ ẹnu ọ̀nà yín.

Lọ́dọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi, ìpàdé ìjọ ló ní àṣẹ. Àwọn ará ìjọ tí a ti rì bọmi ló ń dìbò yan díákónì, ìbò ẹni tó ń ta gààrí àti ti ẹni tó ń ta páànù kò sì ju ara wọn lọ. Ètò yìí bá àwọn oníṣòwò lára mu. Abájọ tó fi jẹ́ pé àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé ìjọ náà dé Tógò àti apá òkè ilẹ̀ Benin. Wọ́n ń tajà lọ́sàn-án, wọ́n ń péjọ gbàdúrà ní ilé ara wọn, wọ́n sì yan olórí láàárín ara wọn láìdúró de ẹnikẹ́ni láti òkèèrè. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ìbò lè di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ẹni tó ní ẹbí púpọ̀ nínú ìjọ lè wọlé láìjẹ́ pé ó yẹ.

Ní Tógò, ìjọ Presbyterian tí àwọn ajíhìnrere láti ìlú Bremen ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn Ewe ní 1847, orúkọ rẹ̀ gan-an ti ara ọ̀rọ̀ àgbà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan jáde. Ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà ló ń ṣàkóso ìjọ pẹ̀lú àlùfáà. Àlùfáà lè lọ, wọ́n lè gbé òmíràn wá, àwọn alàgbà ni kì í kúrò nílẹ̀.

Ìjọ Mímọ́ Láti Ọ̀run, tí Samuel Bilewu Joseph Oschoffa, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Àjàṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 29 oṣù Kẹsàn-án 1947, kì í dìbò. Òróró ni wọ́n ń ta sí ènìyàn lórí, oyè sì wà ní ìpele ìpele. Ènìyàn máa ń gòkè láti orí èyí sí èkejì bí ọdún ti ń gorí ọdún, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lókè rẹ̀ sì ni àṣẹ ti ń wá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tí kò tíì pẹ́ kò lè sáré dé iwájú, gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù ṣe kìlọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ kì í ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa darí wọn.

Kò sí èyí tó dára tán nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, kò sì sí èyí tó burú tán. Ohun tí a rí ni pé ibi kan náà ni gbogbo wọn ti máa ń fọ́.

Owó, ilé àti èdè

Ẹ jẹ́ ká fi ìjọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ògiri ti dúró, páànù kò sí. Oníṣòwò kan tó ń gbé Kútọ̀nú wá síbi ìkórè, ó ra gbogbo páànù. Inú ìjọ dùn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi í ṣe alàgbà. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ó máa ń wá, nítorí ta ló fẹ́ jẹ́ abaraámóorejẹ? Nígbà tó yá, owó ilẹ̀ ìjọ kò pé. Ta ni yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Páànù rẹ̀ ló wà lórí gbogbo wọn.

Ẹni tó fi owó ran ìjọ lọ́wọ́ yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ yàtọ̀ sí oyè. Jákọ́bù, nínú lẹ́tà rẹ̀, orí kejì, ti bá àwọn tó ń fún olóòrùka wúrà ní àga iwájú, tí wọ́n ń ní kí tálákà dúró, wí. A kò sì ní kí ẹ yan ẹni kan nítorí pé kò lówó. Ẹni tí ebi ń pa, tí ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ àpótí láìsí ẹni tó ń bá a ka owó, ẹ̀yin lẹ gbé e sínú ìdánwò.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ilé. Ní Kétu, ìdílé ọba márùn-ún ló wà, oyè Alákétu sì ń yí láàárín wọn. Ètò náà dára fún ohun tí wọ́n ṣe é fún, nítorí oyè ọba jẹ́ ti ìdílé, bí ó sì ṣe ń yí ni kò jẹ́ kí ilé kan gba gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti gbé irú èrò yìí wọ inú ìjọ: wọ́n á ní ilé báyìí ló ń jẹ bàbá ìjọ, tàbí pé bí bàbá bá kú kí ọmọ jókòó sórí àga rẹ̀. Nínú àkójọ Pọ́ọ̀lù, kò sí ibi tí ìwà rere ti jẹ́ ogún. Ọmọ alàgbà lè yẹ, ṣùgbọ́n kí ẹ wo òun fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Ní Àjàṣẹ́, Yorùbá àti Gùn ń jókòó sórí àga kan náà. Ní Sábẹ, Fọ̀n àti Mahí wà láàárín wa. Bí gbogbo alàgbà bá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ kan, tí ògbufọ̀ sì wà fún ìwàásù ṣùgbọ́n tí kò sí fún ìpàdé ìṣírò owó, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ń padà bọ̀ nìyẹn. Ìwòsàn rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé: ẹ mú lára àwọn tó ń ráhùn.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin, níbi tí àwọn ìjọ kò ti fẹnu kò. Láti ìgbà Wesley ni obìnrin ti ń ṣe olórí kíláàsì. Nínú Ìjọ Mímọ́ Láti Ọ̀run, obìnrin kì í gun pẹpẹ. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ohun tó gbàgbọ́, a kò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìjọ tí kò gbà kí obìnrin jẹ́ alàgbà pàápàá, àwọn ìyá ló mọ ilé tí ebi ń pa àti ọmọ tó ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ìjọ tó bá ń yan olórí láìbi àwọn ìyá léèrè ń fi ojú kan ríran.

Ohun tí àìṣètò ti ná wa

A kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí ohun tí ọ̀rọ̀ yìí lè dà. Nígbà tí Oschoffa kú ní 10 oṣù Kẹsàn-án 1985, Ìjọ Mímọ́ Láti Ọ̀run kò fẹnu kò lórí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹjọ́ dé kóòtù ní Nàìjíríà, ìjọ tó tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì pín sábẹ́ olórí ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tó jọ ń wọ sùtánà funfun kan náà kò jọ tẹ́tí sí ẹni kan náà mọ́.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Benin gba òmìnira tirẹ̀ ní 1993. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ìjà lórí ipò olórí fi pín in sí méjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ilé Ọlọ́run di ohun tí a ń tì ní kọ́kọ́rọ́ mọ́ ara ẹni, àwọn tó jọ kọrin lánàá sì ń bọ́ sí òdìkejì títì bí wọ́n bá rí ara wọn.

Nínú ìjọ méjèèjì, ìgbàgbọ́ kò yàtọ̀, orin kò yàtọ̀. Ohun tó fà á ni pé nígbà tí ọjọ́ pé, ohun tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó sọ ta ló ń yàn, fún ìgbà wo, àti ta ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kò sí nílẹ̀. Bí ìjọ ńlá bá lè fọ́ lórí èyí, èyí tó ní àga ogún ní abúlé kò lè sọ pé kò kan òun.

Ohun tí ìjọ lè ṣe lọ́dún yìí

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ìwé kan tó: ta ló ń dárúkọ, ta ló ń yàn, ọdún mélòó ni, báwo la ṣe ń yọ ẹni tó bá ṣàṣìṣe. Kí ẹ kọ ọ́ ní èdè tí ìjọ ń sọ, kí ẹ sì kà á sókè ṣáájú kí orúkọ kankan tó jáde. Ìlànà tí a kọ lẹ́yìn tí a ti mọ ẹni tó fẹ́ oyè, ìjà ló ń dà.

Ẹ jẹ́ kí orúkọ tètè jáde. Bí ẹ bá kéde orúkọ lónìí tí ẹ sì gbé ọwọ́ lé e lónìí, kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó mọ̀. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún Tímótì pé kó má kánjú gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni. Ẹ fún ìjọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì sọ ẹni tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ béèrè lóde. Kí ẹni méjì lọ sí ọjà tí ẹni náà ti ń tà, kí wọ́n lọ sí agbo ilé rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe Kristẹni pẹ̀lú. Ẹ̀rí tí aládùúgbò Mùsùlùmí bá jẹ́ fún ènìyàn yín, ó wúwo ju ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Bí ẹ bá ń dìbò, ẹ jẹ́ kó wà ní ìkọ̀kọ̀. Nínani ọwọ́ sókè lójú ọlọ́rọ̀ kì í ṣe ìbò. Ẹni tí kò mọ ìwé kò sì ní láti bẹ ẹlòmíràn pé kó bá òun kọ ọ́. Ẹ gbé igbá kan tó ní ìdérí sẹ́yìn aṣọ, kí ẹ fún olúkúlùkù ní hóró àgbàdo kan àti hóró ẹ̀wà kan. Àgbàdo ni bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wà ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀kan ni yóò jù sínú igbá yẹn, kó sì ju èyí tó kù sínú àpò tí gbogbo ènìyàn ń da tiwọn sí. Kí ẹ kà á lójú gbogbo ìjọ.

Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ kan nìkan di àpótí mú. Kí kọ́kọ́rọ́ jẹ́ méjì, lọ́wọ́ ẹni méjì tí kì í ṣe ọmọ ilé kan náà. Kí a ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde sókè lóṣooṣù, ìyẹn iye sẹ́fà gan-an, kì í ṣe pé owó wà. Olóòótọ́ kì í bínú sí èyí. Òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ béèrè fún un, nítorí ó ń gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn afọ̀rọ̀-ẹ̀yìn.

Ẹ ṣí ọ̀nà àtijáde sílẹ̀. Lẹ́tà sí Tímótì kan náà ní kí wọ́n má gba ẹ̀sùn sí alàgbà àyàfi bí ẹlẹ́rìí bá tó méjì tàbí mẹ́ta. Èyí dáàbò bo alàgbà lọ́wọ́ òfófó, ó sì tún túmọ̀ sí pé bí ẹlẹ́rìí bá pé, kí a gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹni tó bá ti rẹ̀, tàbí tí àìsàn mú, kí ó lè gbé e sílẹ̀ pẹ̀lú ọlá, láìjẹ́ pé wọ́n ń wò ó bí ẹni tí a lé.

Ìbéèrè kan wà tó ju gbogbo ètò wọ̀nyí lọ, a sì ń fi í sílẹ̀ fún yín kí ẹ lò ó ní ìpàdé yín. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún un ní oyè, tí kò sí aṣọ àmì lọ́rùn rẹ̀, ta ló ń lọ kí àwọn aláìsàn? Ta ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà lórí àtẹ? Ọ̀dọ̀ ta ni àwọn méjì tó ń jà kọ́kọ́ ń sáré lọ? Ìjọ ti mọ ẹni náà, ìlú sì ti mọ̀ ọ́n. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lára àwọn tí wọ́n fẹ́ kà níwájú pẹpẹ, ẹ dìde pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, kí ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó pàtẹ́wọ́.